Àjọ Bẹ́ẹ̀ni

"Ẹ gbójú sókè, sà. Ẹ wo ojú mi," ni Mojírayọ̀ wí. "Òfin ló ní kí n rí ojú yín kí n tó sọ ọ́."

Ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ kò gbójú sókè. Ẹ̀gbà ìlera tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́, bó ti ń tàn bí ewé tútù, àfi bíi pé tí òun ò bá ti gbójú kúrò lára rẹ̀, kò ní kú mọ́ òun lọ́wọ́. Mojírayọ̀ dúró dè é. Ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ti kọ́ ọ pé kò sí ẹni tí ọrùn kì í ro nígbẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà gbójú sókè. Mojírayọ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwo dúdú tó wà lórí tábìlì, àwo náà jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́.

"Fálọlá Ayọ̀adé Ògúnṣọlá," ó pe orúkọ náà ní kíkún, "a ti gbé ọ̀rọ̀ yín lé Òṣùwọ̀n. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé, rárá."

"Mo gbọ́," ni ọkùnrin náà wí.

Bó ti sọ ọ́ tán ni ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ pàwọ̀ dà, ó di aláwọ̀ eérú. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, kò sí àpótí oògùn kan ní gbogbo ilẹ̀ náà tí yóò ṣí fún un mọ́. Ó dìde, ó fi etí agbádá rẹ̀ nu àga tó ti jókòó, bí àlejò tí kò fẹ́ kó ìdọ̀tí bá onílé, ó sì jáde lọ.

Ẹni kẹsàn-án nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mojírayọ̀ da omi gbígbóná tó fi oyin sí láti inú fíláàsì, ó mu ún díẹ̀díẹ̀. Ohùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Tí ohùn bá há, àwo dúdú kì í gbà á.

Agbẹnusọ ni ìjọba ń pè wọ́n. Onírárá ni ará ìlú ń pè wọ́n, wọn a sì tutọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kí Òfin Ohùn Ènìyàn tó dé, fóònù ló ń dún. Ó dún bẹ́ẹ̀ fún bàbá Mojírayọ̀ nígbà tí Mojírayọ̀ wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lójú rẹ̀: *A kọ̀.* Bàbá náà pe nọ́ńbà yẹn padà títí ó fi kú. Ẹ̀rọ ló ń gbé e, ẹ̀rọ náà ló sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó pè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni gbogbo ìlú ya sí títì, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, tí wọ́n ń pariwo pé, "Ẹ̀rọ ò ní ìyá! Ẹ̀rọ ò ní ìyá!" Mojírayọ̀ wà láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì pariwo títí ohùn fi lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí ariwo yẹn bí kò ju èyí lọ: Òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ ìjọba, ló ṣì ń wọn ọdún tó kù fún ènìyàn mọ́ ohun tí ìwòsàn rẹ̀ yóò ná ìlú, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ran ara ni yóò máa sọ èsì rẹ̀. Wọ́n tún fún Agbẹnusọ kọ̀ọ̀kan ní Bẹ́ẹ̀ni kan lọ́dún kan, èyí tí yóò borí Òṣùwọ̀n. Ó lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, àyàfi ẹbí tirẹ̀.

Àyàfi ẹbí tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́.

Ọdún kejì tí Mojírayọ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ni Ọ̀gá Gbádébọ̀, àgbà láàárín àwọn Agbẹnusọ Ilé Ìwòsàn Ìfọ̀kànbalẹ̀, pè é sí kọ̀rọ̀ kan. "Mojí," ó ní, "tí o bá fi tìrẹ fún ará ìta, ta ni yóò fi tirẹ̀ fún ìyá rẹ?" Jẹjẹrẹ ń jẹ ìyá Mojírayọ̀ lọ́yàn nígbà náà. Àjọ ni wọ́n ń fi Bẹ́ẹ̀ni wọn dá, àwọn mẹ́fà ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan á sọ Bẹ́ẹ̀ni fún ìyá ẹnìkejì, ẹnìkejì á sọ ọ́ fún ọmọ ẹnìkẹta. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sì sí ẹni tó já a rí. Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni Kíkẹ́lọmọ, tí yàrá rẹ̀ kángun sí ti Mojírayọ̀, sọ Bẹ́ẹ̀ni fún ìyá Mojírayọ̀. Ọdún kan péré ni oògùn náà fi ń ṣiṣẹ́. Oṣù kẹwàá tó ń bọ̀, Ọ̀gá Gbádébọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò tún un sọ. Ti Mojírayọ̀ ọdún yìí jẹ́ ti Àyọ̀kúnnú, ọmọ Kíkẹ́lọmọ, ọmọ ọdún mẹ́fà tí ihò wà nínú ọkàn rẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò pe ọmọ náà.

Mojírayọ̀ dé fíláàsì rẹ̀, ó tẹ aago.

Bàbá arúgbó kan ló wọlé, ó ga, ó gbẹ, bùbá funfun ọrùn rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n fara balẹ̀ lọ̀. Òun nìkan ló wọlé, bẹ́ẹ̀ orúkọ obìnrin ló wà lójú gíláàsì orí tábìlì tó ń fi orúkọ àti èsì aláìsàn hàn.

"Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Aláìsàn ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ igi níta. Mo ní kí n kọ́kọ́ wọlé." Ó rọra jókòó. "Akínlàjà ni wọ́n ń pè mí."

Mojírayọ̀ tún ojú rẹ̀ wò. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò mọ orúkọ yẹn. Akínlàjà, olùkọ́ ìṣirò tó gun orí àgbá omi ní ọjọ́ kẹta ìfẹ́hónúhàn náà, tó mú gbohùngbohùn, tó kọ́kọ́ pariwo pé ẹ̀rọ ò ní ìyá. Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ìlú ti gbà á.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ..."

"Èmi náà ni. Iṣẹ́ tí o ń jẹun nídìí rẹ̀ yìí, mo wà lára àwọn tó bí i." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "Ìyàwó mi ni. Kíndìnrín rẹ̀ ti kú méjèèjì. Àwọn dókítà yín ti gbin òmíràn fún un sínú ìgò. Mo ti lọ wò ó. Ó ti tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé. Ó ku kí wọ́n fi sí i lára. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ìṣirò sì ni iṣẹ́ mi. Mo mọ ohun tí Òṣùwọ̀n sọ."

"Rárá ló sọ, bàbá."

"Òfin gbà mí láàyè láti béèrè nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ni rẹ, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

Àwo dúdú ṣì ń sùn. Mojírayọ̀ kò tíì gbé ọwọ́ lé e. Èsì ìbéèrè yẹn kì í wọ́n ọn lẹ́nu. "Mo ti lò ó, sà."

"Oṣù kejì ọdún la ṣì wà yìí."

Mojírayọ̀ na ọwọ́ sí fíláàsì rẹ̀.

"Láti ọdún mẹ́rin wá," ni bàbá náà wí, "mo ti bá àwọn aládùúgbò mi jókòó níwájú Agbẹnusọ mẹ́rìndínlógún. Ọdún á ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, wọ́n á ní àwọn ti lò ó. Mo wá ń bi ara mi pé, àwọn wo ni wọ́n ń lò ó fún? Nítorí ní gbogbo àdúgbò wa, n ò tíì pàdé ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n sọ ọ́ fún rí."

Ẹnìkan wà tí ènìyàn kì í lè purọ́ fún. Bóyá ohùn bàbá náà ni, bóyá títì ọjọ́sí ni. Mojírayọ̀ gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Ó wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí rẹ̀." Ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: àjọ, ìyá rẹ̀, oṣù kẹwàá, ọmọ Kíkẹ́lọmọ.

Bàbá Akínlàjà gbọ́ ọ tán bí olùkọ́ ṣe ń wo iṣẹ́ ọmọ tó ti ṣì í láti ìlà àkọ́kọ́.

"Aago mélòó ni ti ọmọ náà?"

"Méjì, sà."

Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "A ní ẹ̀rọ ò ní ìyá. A ní kí wọ́n wá ẹni tó ní ìyá síbẹ̀. Wọ́n sì wá a síbẹ̀. A ò rò ó dé ibi pé ẹni tó ní ìyá, ìyá tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà là."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Màá bínú. Má dúró kí n sọ fún ọ pé kò burú. Ó burú. Ìyàwó tèmi náà, ẹnìkan ló bí i." Ó dìde. "Jẹ́ kí n lọ mú un wá. A ti kọ ọ́ sínú òfin pé etí aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kó gbọ́ ọ. Ó jọ nǹkan tó dáa lójú wa nígbà náà."

Àga tó ń dá rìn ló gbé Màmá Wúràọlá wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú bí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ó wé gèlè rẹ̀ bí ẹni ń lọ sí ìsìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi! Ẹ mà dára o. Ṣé ẹ ti jẹun àárọ̀?"

"A dúpẹ́, màmá. Mo ti jẹun."

"Èmi ò jẹ nǹkan kan. Bàbá yìí ò jẹ́ kí iyọ̀ kàn mí lẹ́nu láti ọdún méjì. Gbogbo ọbẹ̀ ló ń dà bí omi ìfọwọ́. Mo ti sọ fún un, ọjọ́ tí wọ́n bá fi tuntun yẹn sí mi, ẹja àrọ̀ yíyan ni kó wá fún mi, kó sì bu iyọ̀ sí i."

Bàbá Akínlàjà kọjú sí ògiri.

Mojírayọ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwo dúdú náà. Ó jí. "Wúràọlá Àjíkẹ́ Akínlàjà, a ti gbé ọ̀rọ̀ yín lé Òṣùwọ̀n. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé, rárá."

Màmá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Olúwa á bù sí iṣẹ́ yín." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Kí ló wí?"

Òfin kò gbà kí ẹlòmíràn bá Agbẹnusọ sọ ọ́. Bàbá náà kò mirí, kò yíjú. Àwo ń dúró.

"Màmá, rárá ni mo wí."

"Ẹ sọ ọ́ sókè. Etí mi ti wúwo."

"Rárá, màmá."

"Ẹ̀n?"

"RÁRÁ!"

Ariwo náà jáde lójú fèrèsé. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ńṣì níta dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá Wúràọlá ń wo ẹnu Mojírayọ̀, kò wo ojú rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lóòótọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tún gèlè rẹ̀ tó wà létòlétò ṣe.

"Ẹn-hẹ́n," ó ní. "Mo gbọ́."

Ẹ̀gbà rẹ̀ di eérú.

Nígbà tí wọ́n jáde, Mojírayọ̀ tẹ aago, nítorí àwọn tó kù ń dúró. Ó pe ènìyàn mẹ́rin sí i kí ọ̀sán tó pọ́n.

Lákòókò oúnjẹ, ó gba gbọ̀ngàn kọjá. Wọ́n ti ṣí ẹ̀rọ àwòrán ńlá tó wà lára ògiri, Ilé Aṣòfin ló wà níbẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí àbá tuntun. Aṣòfin kan tó sanra ní kí wọ́n sọ Bẹ́ẹ̀ni Agbẹnusọ di mẹ́ta lọ́dún. Òmíràn fò dìde, ó ní ẹyọ kan gan-an ti pọ̀ jù, pé àánú ló ń ba ìṣirò ìlú jẹ́, kí wọ́n pa Agbẹnusọ rẹ́, kí fóònù padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Mẹ́ta yẹn, ta ni yóò sanwó rẹ̀?" ni ọkùnrin kan bèèrè lórí bẹ́ńṣì.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ti ń san án láti ìgbà tí o ti ń ṣiṣẹ́?" ni obìnrin tó jókòó tì í dá a lóhùn. "Ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn aṣòfin wọ̀nyẹn, ṣé o rí i? Góòlù ni. Ṣé o ti rí góòlù tó di eérú rí? Wọn ò bá wa gun Òṣùwọ̀n. Wọ́n kàn ń bá wa jiyàn rẹ̀ ni."

Obìnrin náà rí Mojírayọ̀, ó mọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Aago méjì lù. Kíkẹ́lọmọ fa ilẹ̀kùn yàrá Mojírayọ̀, ó mú Àyọ̀kúnnú lọ́wọ́. Lónìí kì í ṣe Agbẹnusọ, ìyá aláìsàn ni, ó sì wọlé bí wọ́n ti máa ń wọlé, ó ń fi etí ilẹ̀kùn ti ara. Ètè ọmọ náà dúdú bí ti ẹni tó lá aró. Bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, àǹtí," ni ọmọ náà wí, ó kúnlẹ̀, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí pé ó kúnlẹ̀.

Mojírayọ̀ wo gíláàsì. Ó tún un wò. Àyẹ̀wò tuntun ọmọ náà ti wọlé: ihò náà kò fẹ̀ tó bí wọ́n ti rò, iṣẹ́ abẹ kékeré ni yóò sì dí i. Òṣùwọ̀n ti tún un wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ni ni Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ sọ. Wákàtí tó wọ̀n ọ́n wà nísàlẹ̀: aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Gíláàsì kì í fi èsì ẹnikẹ́ni han Agbẹnusọ títí dìgbà tí aláìsàn bá wọ yàrá. Láti aago mẹ́sàn-án ni ó ti wà níbẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ lé àwo. Ó pe orúkọ ọmọ náà. "Bẹ́ẹ̀ni," ó wí.

"Mo gbọ́," ni Àyọ̀kúnnú wí bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé.

Kíkẹ́lọmọ bú sẹ́kún, ó dì mọ́ tábìlì. Ìgbà tó nu ojú ló tó rí ẹ̀gbà ọmọ rẹ̀. Tó bá jẹ́ Bẹ́ẹ̀ni ẹnu Agbẹnusọ, ẹ̀gbà máa ń pọ́n bí osùn. Àwọ̀ ewé ni ti ọmọ náà ṣì wà.

"Mojí, o ò lo tìrẹ?"

"Kò gba tèmi. Òṣùwọ̀n ló sọ ọ́."

"Áà! Olúwa, o ṣé o! Tìrẹ ṣì kù fún àjọ nìyẹn. Jẹ́ kí n sọ fún Ọ̀gá, inú rẹ̀ á dùn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ó ti ń wá ẹni tí yóò..."

Mojírayọ̀ ti jáde. Ó ń sáré. Agbẹnusọ kì í sáré ní gbọ̀ngàn, gbogbo ojú sì tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ igi. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn kì í gbé ẹlẹ́gbà eérú, ọmọ wọn ló ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ wá gbé wọn. Màmá Wúràọlá ti sùn lórí àga. Bàbá Akínlàjà fi ìwé kan bo ojú rẹ̀ nítorí oòrùn, ó sì dúró tì í.

"Bàbá," èémí Mojírayọ̀ kò délẹ̀, "ó wà lọ́wọ́ mi. Òṣùwọ̀n gba ọmọ náà. Tèmi ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká padà."

Bàbá náà nawọ́ sí ẹ̀gbà eérú ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ó ti sọ pé òun gbọ́," ó ní.

"Mo mọ̀, ṣùgbọ́n..."

"Rárá tí aláìsàn bá ti sọ pé òun gbọ́, kì í yí padà títí ọdún yóò fi yí. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. A jiyàn lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Àwọn kan ní kí a jẹ́ kó ṣeé yí. Èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Mo ní bí Rárá bá ṣeé yí, wọn yóò sọ ọ́ di ọjà, olówó á máa rà á, tálákà á máa kú. Èmi ni mo borí." Ó sún ìwé náà díẹ̀, torí ìtànṣán kékeré kan ti ń bọ́ sí ojú ìyàwó rẹ̀. "Ìgò tí wọ́n gbin kíndìnrín rẹ̀ sí, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

Mojírayọ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń dà á nù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. "N kò mọ̀, sà," ó wí.

"Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ," ni bàbá náà wí. "Kò tíì pẹ́ tó sùn. N kò fẹ́ kí ohùn rẹ jí i."

Nígbà tó dé yàrá rẹ̀, Ọ̀gá Gbádébọ̀ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí.

"Kíkẹ́lọmọ sọ fún mi. Ọlọ́run ló ṣe é. Àbúrò ìyàwó mi yóò wọlé sọ́dọ̀ rẹ láago mẹ́rin. Láwànì ló ń jẹ́. Mo ti ní kó fọkàn balẹ̀."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá."

Ó tẹ aago. Aago mẹ́ta ti kọjá díẹ̀. Ọkùnrin tó wọlé ń rùn fún ògógóró láti ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin, ikùn rẹ̀ sì yọ síwájú bí ti aláboyún. Jímọ̀ Ọ̀pẹ́yẹmí, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ẹ̀dọ̀ ló ti jẹrà. Òṣùwọ̀n ní rárá, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́: *òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á.*

"Ìwọ ni wọ́n ní kó sọ fún mi pé kí n lọ kú?" ni ọkùnrin náà wí kó tó jókòó. "Tètè sọ ọ́. Jẹun lórí ikú mi. Ojú rẹ ò tiẹ̀ tì ọ́, pẹ̀lú oyin tí o ń mu."

Mojírayọ̀ wò ó. Kò rí ohun kan tó fẹ́ràn lára rẹ̀. Ó ronú kan Láwànì tí wọ́n ti ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ronú kan oṣù kẹwàá. Ó tún ronú kan obìnrin tó ń sùn lábẹ́ igi, tí Bẹ́ẹ̀ni kankan kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin yìí kò mọ ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn náà. Kò ní ẹ̀gbọ́n nínú àjọ, kò ní ìyá ìyàwó níbẹ̀. Ó kàn ń ṣàìsàn ni.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwo.

"Jímọ̀ Ọ̀pẹ́yẹmí, Òṣùwọ̀n ní rárá. Èmi, Mojírayọ̀ Adéoyè, mo ní bẹ́ẹ̀ni."

Ọkùnrin náà ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Kí lo wí?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ni. Ẹ sọ pé ẹ gbọ́."

"Mo gbọ́."

Ẹ̀gbà rẹ̀ pọ́n bí osùn. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wò ó tìfura-tìfura. Lẹ́yìn náà, ó dìde.

"Ó parí?"

"Ó parí. Wọn yóò pè yín lọ́la." Mojírayọ̀ kò mọ̀ pé òun ṣì ń wo ẹnu rẹ̀, pé òun ń retí nǹkan, àfìgbà tí ọkùnrin náà ká a mọ́ ọn.

"Ṣé kí n dúpẹ́ ni? Kí ni màá dúpẹ́ sí?" ó wí. "Ẹ̀tọ́ mi ni. Láti ogún ọdún ni mo ti ń fọ́ òkúta fún ìjọba. Ẹ̀tọ́ mi ni." Ó jáde, kò sì pa ilẹ̀kùn dé.

Òótọ́ ló sọ. Mojírayọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, inú rẹ̀ korò bí ẹni tó gbé jogbo mì.

Iná pupa tó máa ń tàn lókè ilẹ̀kùn nígbà tí Bẹ́ẹ̀ni bá ti lọ ló pe Ọ̀gá Gbádébọ̀ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo iná náà, ó wo Mojírayọ̀.

"Ọ̀mùtí yẹn, kí ló jẹ́ sí ọ?"

"N kò rí i rí, Ọ̀gá."

"O ò rí i rí." Ohùn rẹ̀ kò gbéra. "Láwànì ti dé o. Ó wà ní gbọ̀ngàn. Mo ti ní kó wọ aṣọ tó dáa wá, torí pé ọjọ́ ayọ̀ ni." Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún fún ìgbà pípẹ́. "Ìwọ ni yóò sọ ọ́ fún un, torí pé ìwọ ni Òṣùwọ̀n yàn án fún. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá, tí ìyá rẹ bá jókòó níwájú mi, Mojí, èmi náà ò ní rí i rí."

Láago mẹ́rin, Mojírayọ̀ sọ Rárá fún Láwànì. Láwànì wọ aṣọ òfì.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó délé. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí àpótí níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, ó ń ju òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irun rẹ̀ ti ń hù padà, ó ti funfun, ó sì rọ̀ bí òwú.

"O tètè dé lónìí. Ọmọ Kíkẹ́lọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n gbà á, màámi."

"Olúwa ṣeun."

Mojírayọ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ atẹ. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi ti Màmá Wúràọlá pamọ́, kò fi ti ọ̀mùtí pamọ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá Gbádébọ̀ sọ kẹ́yìn pamọ́. Ìyá rẹ̀ kò dáwọ́ ẹ̀wà dúró. Ìgbà tí Mojírayọ̀ dé ibi oṣù kẹwàá nìkan ni ìka rẹ̀ dúró lórí hóró kan.

"Ọkùnrin yẹn, o ò mọ̀ ọ́n?"

"N kò mọ̀ ọ́n, màámi. Ìdí tí mo fi ṣe é gan-an nìyẹn. Àwa mẹ́fà la ń fi gbogbo rẹ̀..."

"Mo ti gbọ́ ìyẹn." Ìyá rẹ̀ ju òkúta kan sílẹ̀. "Ohun tí o ṣe lè dára. N kò ní kò dára. Ẹ̀mí mi lo mú fi ṣe é, ìwọ náà sì wá ń sọ fún mi lẹ́yìn tó ti parí. O ò bi mí."

"Àyè ò sí, màámi. Ó ti jókòó níwájú mi."

"O ò bi mí."

Mojírayọ̀ gbá ojúgun ìyá rẹ̀ mú. "Tí mo bá bi yín, kí lẹ̀ bá sọ? Ẹ bá ní kí n ṣe é, àbí ẹ bá ní kí n má ṣe é?"

Ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé. "Ìyẹn," ó ní, "ni n ò ní sọ fún ọ títí màá fi kú."

Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé atẹ ẹ̀wà náà, ó sì wọlé lọ.